Bí tíṣà TP ṣe ń gba Character, tó sì ń tẹ̀ka, láti Abẹ́òkúta

Bí ó bá jẹ́ ilé ìwé ìjọba ni wọ́n pín yín sí fún TP, ìyẹn ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́, níbí ní Abẹ́òkúta, ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni ní kí ẹ tẹ̀ka. Lẹ́tà tí kọ́lẹ́ẹ̀jì fún yín ni ẹ ó mú lọ bá pírínsípà, wọn á fi yín han àwọn tíṣà tó kù, wọn á sì yan kíláàsì fún yín. Àwọn tí mò ń bá sọ̀rọ̀ ni àwọn tí ilé ìwé aládàáni ní kí wọ́n mú ìwé ọlọ́pàá tí à ń pè ní Character, tó ń fi hàn pé èèyàn kò ní àkọsílẹ̀ ọ̀daràn, àti onídùúró wá, àwọn tí wọ́n ti rí ààyè PGCE, ẹ̀kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ lẹ́yìn dìgírì, ní Íńgíláǹdì, àti àwọn tó ń lọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní Amẹ́ríkà, tí yunifásítì wọn ti kọ̀wé sí wọn pé wọn ò ní dé iwájú ọmọdé kankan àfi bí wọ́n bá ti wádìí wọn tán.

Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ni mo ní ní Òṣíẹ̀lẹ̀, kò jìnnà sí géètì FCE, kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́. Àǹtí Kọ̀ǹpútà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè mí. Fọ́ọ̀mù JAMB, fọ́ọ̀mù TRCN tí tíṣà fi ń forúkọ sílẹ̀, títẹ pírójẹ́ẹ̀tì, gbogbo rẹ̀ ni mò ń ṣe, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí jápa ti gbòde, ọ̀rọ̀ Character ló ń kó èèyàn wá bá mi jù. Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ ni pé ẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ló ń dá ọ̀pọ̀ wọn dúró. Wọn ò jalè rí, wọn ò lu ẹnikẹ́ni rí. Orúkọ ló ń dá wọn dúró, tàbí àdírẹ́ẹ̀sì, tàbí awọ ọwọ́ wọn. Nítorí náà, ẹ má tíì ṣí ojú-òpó kankan. Ẹ kó ìwé yín sórí tábìlì ná.

Orúkọ

Ẹ tẹ́ ìwé ọjọ́ ìbí, WAEC, NIN, páásípọ́ọ̀tù àti lẹ́tà tí yunifásítì fi gbà yín sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹ sì ka orúkọ orí wọn ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka owó èésú. Ẹ ó rí nǹkan. WAEC á ní Oluwaseun, NIN á ní Seun. Ìwé ìbí á ní Rasheedat, páásípọ́ọ̀tù á ní Rashidat. Orúkọ àárín á wà lórí ọ̀kan, kò ní sí lórí èkejì. Tiwa Ẹ̀gbá tún wá le jù, nítorí àwọn orúkọ ìdílé wa tó fi Ṣó bẹ̀rẹ̀. Bàbá ń kọ Showunmi, ọmọ ń kọ Sowunmi. Ẹ̀gbọ́n ń kọ Shodipe, àbúrò ń kọ Sodipe. Nílé, kò sẹ́ni tó kà á sí. Ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì yunifásítì ní Leeds kò mọ̀ pé agboolé kan náà ni. Orúkọ méjì ló rí, ẹni méjì ló sì máa kà á sí títí ẹ ó fi mú ẹ̀rí wá.

NIN ni mo máa ń ní kí wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀, torí inú NIN ni páásípọ́ọ̀tù ti ń mú orúkọ àti ọjọ́ ìbí báyìí. Bí orúkọ bá ṣì lórí NIN, ẹ lọ tún un ṣe lọ́dọ̀ NIMC, àjọ tó ń ṣe NIN, kí ẹ tó fọwọ́ kan páásípọ́ọ̀tù. Wọ́n ti ní ojú-òpó tí èèyàn lè ti fi fóònù tún orúkọ ṣe fúnra rẹ̀. Ọjọ́ ìbí ló le díẹ̀, torí wọn á béèrè ìwé láti ọ̀dọ̀ National Population Commission. Lẹ́yìn NIN ni páásípọ́ọ̀tù, lẹ́yìn páásípọ́ọ̀tù ni Character. Ẹni tó bá yí ètò yìí po, á san owó kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Bí ó bá jẹ́ pé ìwé àtijọ́ nìkan ló yàtọ̀, tí NIN àti páásípọ́ọ̀tù bára mu, ìwé ìbúra kọ́ọ̀tù tó sọ pé ẹni kan náà ló ń jẹ́ orúkọ méjèèjì sábà máa ń tó. Kọ́ọ̀tù wà ní Ìṣábọ̀. Inú ọgbà kọ́ọ̀tù gan-an ni kí ẹ wọ̀ lọ, lọ́dọ̀ akọ̀wé kọ́ọ̀tù. Ẹ má ra ìwé ìbúra lọ́wọ́ ẹni tó jókòó sábẹ́ agboòrùn níta, bó ti wù kó yá tó. Ẹni tó bá pààrọ̀ orúkọ pátápátá á gbé e sínú ìwé ìròyìn, á sì tọ́jú odidi ojú ewé náà, kì í ṣe ibi tí orúkọ rẹ̀ wà nìkan ni yóò gé sílẹ̀. Ẹ̀yin ìyàwó ilé, ìwé ìgbéyàwó yín ni ẹ̀rí tiyín, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kó mọ́lẹ̀ dáadáa.

Àwọn kan á ní, “Àǹtí, wọn ò ní wò ó.” Wọ́n á wò ó. Iṣẹ́ tí wọ́n ń gbowó lé lórí nìyẹn.

Àdírẹ́ẹ̀sì

Íńgíláǹdì máa ń béèrè gbogbo ibi tí ẹ ti gbé láti ọdún 5 sẹ́yìn, kò sì gbọdọ̀ sí àlàfo láàárín. Ẹ mú bébà kan kí ẹ kọ ọ́: oṣù tí ẹ dé ibẹ̀, oṣù tí ẹ kúrò. Họ́sítẹ́ẹ̀lì Òṣíẹ̀lẹ̀ wà níbẹ̀. Ilé àǹtí yín ní Lafẹ́nwá tí ẹ gbé nígbà tí owó họ́sítẹ́ẹ̀lì wọ́n, ó wà níbẹ̀. Ibi tí ẹ ti sin ìjọba, bó tiẹ̀ jẹ́ Kébbí, ó wà níbẹ̀. 

Ìṣòro wa ni pé púpọ̀ nínú ilé wa kò ní nọ́ńbà. “Ilé aláwọ̀ ewé, lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, Ọbàntókò” á mú ọlọ́kadà dé ẹnu ọ̀nà, kò ní ṣiṣẹ́ lórí fọ́ọ̀mù. Bí ẹ bá ní bíìlì IBEDC, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ síbẹ̀ ni kí ẹ ṣe kọ ọ́. Bí kò bá sí nọ́ńbà rárá, ẹ kọ orúkọ ilé, òpópónà, àdúgbò, kí ẹ fi Abẹ́òkúta àti Ìpínlẹ̀ Ògùn parí rẹ̀. Èyíkéyìí tí ẹ bá yàn, ẹ má pààrọ̀ rẹ̀ láti fọ́ọ̀mù kan dé òmíràn. Ẹ má kọ Obantoko níbí kí ẹ wá kọ Asero lọ́hùn-ún torí pé ilé yín wà láàárín méjèèjì.

Ọwọ́ yín

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà. Ìyá mi ń ṣe àdìrẹ ní Ìtòkú, láti kékeré ni mo sì ti ń rí i bí ẹ̀rọ ìtẹ̀ka ṣe ń kọ ọwọ́ rẹ̀, ní báǹkì, níbi tí wọ́n ti ń ṣe káàdì ìdìbò, níbi NIN. Kọ́sítíìkì àti háídírò tí wọ́n fi ń po aró ló jẹ ìlà ìka rẹ̀. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá sọ́dọ̀ mi ló ń bá ìyá wọn rẹ aṣọ nígbà ìsinmi, tí wọn ò rò pé ó kan ọ̀rọ̀ físà. Kì í ṣe aládìrẹ nìkan o. Ẹni tó ń bó gbágùúdá tó ń yan gààrí, ẹni tó ń po sìmẹ́ǹtì, ẹni tó ń fi rìláṣà ṣe irun, ẹni tó ń fi JIK fọ aṣọ oníbàárà láì wọ ìbọ̀wọ́, ọ̀kan ni gbogbo wọn. Ẹ̀rọ náà ń wá àwọn ìlà tó ga àti kòtò tó wà láàárín wọn lórí awọ. Bí awọ bá ti dán, tàbí tó ti sán, kò rí nǹkan kà.

Ìlà ìka kì í parẹ́ pátápátá bẹ́ẹ̀. Láti inú oyún ló ti ń wà, gbòǹgbò rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ awọ tí a ń rí. Bí òkè rẹ̀ bá jẹ, tí ẹ bá fún un láyè, bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ ló máa padà hù, àfi bí ọgbẹ́ bá wọlé jinlẹ̀ tó fi di àpá. Kò sì sí ẹni méjì tó ní i bákan náà. Kódà ìbejì tó wá láti inú ẹyin kan ṣoṣo, tí ìyá wọn ń fi ìlẹ̀kẹ̀ dá wọn mọ̀, ìka Táíwò kì í ṣe ìka Kẹ́hìndé. Mo ń sọ èyí fún àwọn ará Igbó-Ọrà tó wà ní FCE, torí àwọn ló máa ń bi mí.

Ẹ kọ́kọ́ fi fóònù yín dán an wò. Bí fóònù tí ẹ fi ìka tì kì í ṣí fún yín àyàfi lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ̀mẹrin, ọwọ́ yín nílò ìtọ́jú kí ẹ tó lọ. Ẹ fi kọ́sítíìkì, sìmẹ́ǹtì àti JIK sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán. Bí kò bá ṣeé fi sílẹ̀, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, kì í ṣe ọ̀rá búrẹ́dì. Ẹ máa fi òrí pa ìka lálẹ́. Lásìkò ọyẹ́ kí ẹ tilẹ̀ máa pa á lọ́sàn-án. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ẹ fẹ́ tẹ̀ka, ẹ má fi òrí tàbí ìpara kankan sí i mọ́. Ọṣẹ àti omi ni, kí ẹ nu ún gbẹ. Ọwọ́ tó ń làágùn ń ba iṣẹ́ jẹ́ bí ọwọ́ tó gbẹ jù ṣe ń bà á jẹ́, nítorí náà ẹ mú aṣọ ìnuwọ́ dání.

Ẹ̀yin ọmọge, ẹ jọ̀ọ́, èékánná àtọwọ́dá yẹn ò ní jẹ́ kí wọ́n yí ìka yín dáadáa lórí bébà. Ẹ yọ ọ́. Bí ìyàwó tuntun bá sì wà nínú yín tó ní làálì dé ṣóńṣó ìka, kí ó dúró kó parẹ́.

Bí wọ́n bá tẹ̀ yín lórí ẹ̀rọ, ẹ gbé ìka lé e jẹ́ẹ́, ẹ má fi agbára tẹ̀ ẹ́. Agbára kì í mú kó hàn. Ńṣe ló ń pa àwọn ìlà náà pọ̀ mọ́ra. Ẹ jẹ́ kí òṣìṣẹ́ náà di ọwọ́ yín mú, kó fúnra rẹ̀ darí rẹ̀. Ẹni tó bá ń ràn án lọ́wọ́ ló máa ń ba tirẹ̀ jẹ́.

Eléwéeran

Ìwé tí yunifásítì ń béèrè ni Police Character Certificate. Kì í ṣe ìwé tí ọlọ́pàá àdúgbò ń kọ fún yín pé fóònù tàbí sátífíkéètì yín sọnù; ìyẹn ń jẹ́ extract, iṣẹ́ tirẹ̀ yàtọ̀. Orí POSSAP, ojú-òpó tí ọlọ́pàá fi ń gba irú ìbéèrè yìí, possap.gov.ng, ni ìbéèrè Character ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi NIN yín àti ímeèlì tiyín forúkọ sílẹ̀. Mo ní tiyín o, kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀bù, torí ibẹ̀ ni gbogbo ìdáhùn ń bá wá. Ẹ yan irú ìwé tí ẹ fẹ́, ìdí tí ẹ fi fẹ́ ẹ, orílẹ̀-èdè tí ẹ ń lọ, nọ́ńbà páásípọ́ọ̀tù, ẹ fi fọ́tò àti ojú ewé páásípọ́ọ̀tù ránṣẹ́, kí ẹ sì yan ibi tí ẹ ó ti tẹ̀ka. Fún àwa tí a wà ní Abẹ́òkúta, olú iléeṣẹ́ ọlọ́pàá Ìpínlẹ̀ Ògùn ní Eléwéeran ni. Iye tó bá jáde lórí ìwé ìsanwó ni kí ẹ san, orí ojú-òpó náà ni kí ẹ sì ti san án.

Ẹ tẹ ìwé ìsanwó yẹn jáde. Ẹ mú páásípọ́ọ̀tù gan-an lọ, kì í ṣe ẹ̀dà rẹ̀ nìkan, àti NIN. Ẹ lọ láàárọ̀, ẹ múra bí tíṣà. Òfin kankan ò sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ ilẹ̀ yìí. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀ka fún Character. Bí ẹnikẹ́ni bá pè yín sí ẹ̀gbẹ́ kan pé òun lè bá yín mú un yá, ẹ kí i, kí ẹ máa lọ síbi tí ẹ ń lọ. 

Ìka tí ẹ tẹ̀ yẹn ni wọ́n fi ń wo ìwé àkọsílẹ̀ ọ̀daràn, tí olú ibi tí wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ wà ní Alágbọn, Ìkòyí, ní Èkó. Bí wọn ò bá rí nǹkan kan, ìwé náà á jáde.

Ọ̀rọ̀ àsìkò wà níbẹ̀. Oṣù 3 péré ni Character fi ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tó bá jáde. Mo ti rí ẹni tó sáré gbà á lóṣù kìíní nítorí ìtara, tí yunifásítì ò sì béèrè rẹ̀ títí di oṣù kẹfà. Ẹ dúró kí wọ́n béèrè. Ohun tí ẹ lè fi ìtara ṣe ṣáájú ni orúkọ, àdírẹ́ẹ̀sì àti ọwọ́ tí mo ti sọ.

Íńgíláǹdì

Àwọn tó ń lọ fún PGCE máa ń bẹ̀rù ìtẹ̀ka lásán. Ìwádìí tiwọn, tí wọ́n ń pè ní DBS, kì í sábà gba ìtẹ̀ka. Orúkọ, ọjọ́ ìbí àti àdírẹ́ẹ̀sì ni wọ́n fi ń ṣe é. Ó di ìgbà tí wọn ò bá mọ̀ bóyá ẹni tí àkọsílẹ̀ ń sọ ni yín kí wọ́n tó béèrè ìka. Ìtàn tó wà nídìí rẹ̀ dára láti mọ̀, torí ó jẹ́ ká mọ ìdí tí wọ́n fi ń yọ orúkọ wò tó bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2002, ní ìlú Soham, wọ́n pa ọmọbìnrin méjì tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún 10. Ian Huntley tó pa wọ́n, alábòójútó ọgbà ilé ìwé ni. Ọlọ́pàá àgbègbè mìíràn ti ní ẹ̀sùn oríṣiríṣi lọ́wọ́ nípa rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò dé etí ilé ìwé tó gbà á síṣẹ́. Orúkọ méjì ló ń jẹ́, Huntley àti Nixon, ọ̀kan péré ni wọ́n sì wò nígbà tí wọ́n ń wádìí rẹ̀. Ìgbìmọ̀ Bichard, tí ìjọba gbé dìde láti wádìí ọ̀rọ̀ náà, tú gbogbo rẹ̀ síta ní 2004, òfin tuntun jáde ní 2006, wọ́n sì dá àjọ DBS tó ń ṣe ìwádìí náà sílẹ̀ ní 2012.

Nítorí náà, níbi tí fọ́ọ̀mù bá ti béèrè orúkọ mìíràn tí ẹ ti jẹ́ rí, ẹ kọ gbogbo rẹ̀. Orúkọ ilé bàbá yín kí ẹ tó lọ́kọ. Showunmi àti Sowunmi. Kò sí ẹni tó máa fìyà jẹ yín pé ẹ ní orúkọ méjì. Èyí tí ẹ fi pamọ́ ló ń mú ìfura wá.

DBS tí tíṣà ń ṣe ni enhanced, èyí tó jinlẹ̀ jù, tí wọ́n á tún fi wo ìwé orúkọ àwọn tí òfin kọ̀ fún láti ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ọmọdé. Yunifásítì ló ń fi líǹkì rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín, ẹ̀yin kọ́ lẹ máa lọ wá a. DBS kò rí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń béèrè Character lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí DBS bá jáde, ilé yín ní Íńgíláǹdì ni wọ́n ń fi ìwé náà ránṣẹ́ sí, ẹ̀yin lẹ máa gbé e lọ hàn wọ́n. Ẹ má sọ ọ́ nù. Bí ẹ bá mọ̀ pé ilé ìwé púpọ̀ lẹ máa dé, ẹ forúkọ sílẹ̀ fún Update Service wọn, tó ń jẹ́ kí ilé ìwé mìíràn lè yẹ DBS kan náà wò, láàárín ọjọ́ 30 tí ìwé náà jáde. Bí ó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, ó di kí ẹ ṣe DBS mìíràn.

Ẹni tó ti jẹ́ tíṣà níbí kí ó tó lọ, kí ó tún béèrè Letter of Professional Standing lọ́wọ́ TRCN. Ó yàtọ̀ sí Character. Ìwà lẹ́nu iṣẹ́ ni tirẹ̀.

Amẹ́ríkà

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìka ti le gan-an, kò sì sí òfin kan ṣoṣo fún gbogbo wọn; ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Ní California, akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ gbọ́dọ̀ gba Certificate of Clearance kí ó tó bẹ̀rẹ̀ TP. Fọ́ọ̀mù 41-LS ni wọ́n fi ń lọ tẹ̀ka lórí ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní Live Scan, ìka náà á sì lọ sọ́dọ̀ àjọ ìdájọ́ ìpínlẹ̀ àti FBI, àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba àpapọ̀ wọn. Ní Pennsylvania, ìwé mẹ́ta ni: ti ọlọ́pàá ìpínlẹ̀, ti ẹ̀ka tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ìyà tí wọ́n fi ń jẹ ọmọdé, àti ti FBI tí wọ́n fi ìka ṣe. Èyí tí ẹ bá rí lórí fóònù ọ̀rẹ́ yín tó wà ní Texas, ó lè má kàn yín rárá. Lẹ́tà yunifásítì yín ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Ìbéèrè tí mo ń dáhùn lójoojúmọ́ ni pé, “Àǹtí, mo ti tẹ̀ka ní ẹ́ḿbásì, ṣé wọn ò ní lo ìyẹn?” Wọn ò ní lò ó. Ìka físà, ìka NIN, ìka BVN, ìka Eléwéeran, oníkálukú ló ní iṣẹ́ tirẹ̀, kò sí èyí tí ilé ìwé máa gbà fún òmíràn. Kódà ìka tí ẹ tẹ̀ fún iṣẹ́ mìíràn ní California fúnra rẹ̀, ilé ìwé lè ní kí ẹ tún un tẹ̀.

Ọ̀pọ̀ yunifásítì máa ń dúró kí ẹ dé ọ̀hún kí ẹ tó tẹ̀ka, èyí ló sì rọrùn jù. Bí wọ́n bá ní kí ẹ fi bébà ránṣẹ́ láti ilé, FD-258 ni orúkọ káàdì náà. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tó mọṣẹ́, kì í ṣe lórí tábìlì mi. Tàdáwà dúdú ni, kí ó tẹ́ pẹrẹsẹ, kí ó má nípọn. Àpótí mẹ́wàá ló wà lókè fún ìka mẹ́wàá tí wọ́n ń yí láti etí èékánná kan dé etí kejì. Àtàǹpàkò ni wọ́n ń yí wá sí apá ọ̀dọ̀ yín. Ìka yòókù, títí dé ọmọńdinrín, ni wọ́n ń yí síta. Ìsàlẹ̀ káàdì ni wọ́n ti ń tẹ ìka mẹ́rin papọ̀ láì yí i, àti àtàǹpàkò méjèèjì. Bí ìka kan kò bá sí, tàbí tó ní ọgbẹ́, kí wọ́n kọ ọ́ sínú àpótí rẹ̀. Àpótí tó ṣófo láìsí àlàyé ni wọ́n ń dá padà. Ẹ má ká káàdì náà rárá. Ẹ tẹ méjì lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ fi ọ̀kan pamọ́.

Bí FBI bá dá ìka padà lẹ́ẹ̀mejì pé kò ṣeé kà, ọ̀nà wà pé kí wọ́n fi orúkọ wádìí. Ọmọ aládìrẹ, ẹ fi èyí sọ́kàn, kí ẹ má jókòó máa sunkún. Ẹ tọ́jú lẹ́tà ìdápadà méjèèjì, torí òun ni ẹ ó fi béèrè rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí yunifásítì mọ̀ ní kíá.

Ilé ìwé aládàáni nílé níbí

Èyí kò gùn. Púpọ̀ nínú wọn máa ń béèrè onídùúró méjì, fọ́tò wọn, ibi iṣẹ́ wọn àti àdírẹ́ẹ̀sì ilé wọn. Ẹ má fi fọ́ọ̀mù onídùúró há pásítọ̀ tàbí ìmáàmù lọ́wọ́ lọ́jọ́ Sunday tàbí Jímọ̀ níwájú gbogbo ìjọ. Ẹ lọ bá wọn nílé, ẹ jókòó, ẹ ṣàlàyé. Wọ́n ń fi orúkọ wọn dúró fún yín ni. Àwọn kan tún ń béèrè Character, ó sì tọ́ lójú tèmi. Ìpínlẹ̀ Ògùn ní òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé láti 2006, NAPTIP, àjọ tó ń gbógun ti fífi èèyàn ṣòwò, sì ti ṣí ìwé orúkọ àwọn tí wọ́n jẹ̀bi ìwà ìbàjẹ́ ìbálòpọ̀ láti 2019. Ilé ìwé tó ń gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún náírà lọ́wọ́ òbí, tí kò sì béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ kọ́ ọmọ wọn, èmi ò ní fi ọmọ mi síbẹ̀.

Bí nǹkan bá wà lẹ́yìn

Ẹlòmíràn á wọlé, á dúró títí gbogbo èèyàn á fi jáde, á wá sọ pé ọlọ́pàá mú òun rí. Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó jẹ́. Kí wọ́n mú èèyàn, kí wọ́n sì fi í sílẹ̀ láìgbé e lọ sí kọ́ọ̀tù, kì í ṣe ìdálẹ́bi. Kí adájọ́ sọ pé ẹ jẹ̀bi, ìyẹn ni ìdálẹ́bi. Ẹ ka ìbéèrè orí fọ́ọ̀mù dáadáa, ohun tó béèrè gan-an ni kí ẹ dáhùn, kí ó sì jẹ́ òótọ́. Ní Íńgíláǹdì, iṣẹ́ tó kan ọmọdé wà lára ibi tí òfin ti fún wọn láyè láti béèrè ọ̀rọ̀ tó ti pẹ́, tí ẹ ò ní dáhùn fún iṣẹ́ mìíràn. Ẹ mú ìwé ìdájọ́ lọ bá lọ́yà kí ẹ tó kọ ohunkóhun. Lọ́yà ni mo wí, kì í ṣe èmi, kì í ṣe ọ̀rẹ́ yín tó ti jápa.

Ìwé yín ní ṣọ́ọ̀bù èèyàn

Ẹ jáde kúrò nínú ímeèlì yín kí ẹ tó dìde, kódà ní ṣọ́ọ̀bù mi. Bí kọ̀ǹpútà bá béèrè bóyá kó rántí ọ̀rọ̀ aṣínà yín, ẹ ní rárá. Ẹ pa páásípọ́ọ̀tù tí ẹ gbé sórí rẹ̀ rẹ́, kí ẹ tún pa á rẹ́ nínú àpò ìdọ̀tí rẹ̀. Bébà tó bàjẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ mú un lọ, ẹ ya á nílé. Ẹ má fi NIN yín sórí Whatsapp gúrúùpù kíláàsì láti béèrè pé, “Ẹ bá mi wò ó, ṣé ó pé?” Mo ń rí i, ó sì ń já mi láyà.

Nígbà tó bá dé

Ẹ ka Character náà kí ẹ tó fi ránṣẹ́: orúkọ, ọjọ́ ìbí, nọ́ńbà páásípọ́ọ̀tù, ọjọ́ tó jáde. Bí lẹ́tà kan bá ṣì, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ kọ̀wé sí wọn, kí ẹ má fi ránṣẹ́ sí yunifásítì ná. Bí ó bá pé, ẹ sọ ọ́ di PDF kan ṣoṣo tó mọ́lẹ̀, kì í ṣe fọ́tò tí àtàǹpàkò yín wà ní igun rẹ̀. Ẹ fi orúkọ yín àti nọ́ńbà akẹ́kọ̀ọ́ yín sọ fáìlì náà, torí lọ́jọ́ tí ẹ bá fi ránṣẹ́, ọgọ́rọ̀ọ̀rún “scan001” ló wà níwájú ẹni tó fẹ́ ṣí i. Ẹ béèrè pé kí wọ́n dá yín lóhùn pé ó ti dé. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá tí wọn ò fèsì, ẹ kọ̀wé mìíràn sórí ímeèlì kan náà, kí ẹ má bẹ̀rẹ̀ tuntun. Mo máa ń ṣí ṣọ́ọ̀bù láago mẹ́jọ, àfi ọjọ́ Sunday. Bí iná ò bá sí, jẹnẹrétọ̀ wà, ṣùgbọ́n ẹ mú fóònù yín wá pẹ̀lú dátà.